Ilẹ̀kùn Yàrá Kọ́múrèdì

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ kí n lè wọn abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Akínyẹlé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá opó, ó mú tépù àwọn bíríkìlà dání, ó ń tì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó ń wá ejò. Màmá Ọláolú jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì náà nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é, ó sì gbé wọn dúró bẹ́ẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Bí Ọláolú ọmọ rẹ̀ ṣe wọlé bá wọn nìyẹn. Búrẹ́dì àti àkàrà ló rà bọ̀ láti Jíbówú, níbi tó ti ń ṣe alábòójútó ní gáréèjì àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn.

"Ẹ̀gbọ́n Akin, kí lẹ ń wọ̀n?"

"Yàrá ni, àbúrò mi." Akínyẹlé kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. "Ogójì ọjọ́ Bàbá bọ́ sí Sọ́ńdè yìí. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa gba tọ́ílẹ́ẹ̀tì sínú. Àwọn ọmọ oníkọ̀m̀pútà tó ń háyà yàrá kì í gba tí kò bá ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì tiẹ̀."

"Ìyá mi ṣì wà nínú ẹ̀!"

"Mo rí wọn. Ṣebí mo kí wọn kí n tó wọlé?"

Ọláolú ju búrẹ́dì sórí tábìlì, ó fẹ́ já tépù náà gbà, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè.

"Fi í sílẹ̀ kó wọ̀n ọ́n," ni ìyá náà wí. "Bàbá rẹ náà ti wọn ti ẹlòmíràn rí."

Ilé náà wà ní Èbúté Mẹ́ta, kò jìnnà sí ojú irin. Kì í ṣe ilé ẹnìkan. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè méjìlá ló kọ́ ọ, wọn ò sì gba agbaṣẹ́ṣe kankan. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ẹni tó mọ búlọ́ọ̀kù tò ń to búlọ́ọ̀kù, ẹni tí kò mọ nǹkan kan ń po símẹ́ǹtì, àwọn ìyàwó ń se ẹ̀wà. Oyèwọlé, bàbá Ọláolú, ló kó wọn jọ. Yúníọ́ọ̀nù ló rán an lọ sí Tansaníà fún ẹ̀kọ́ oṣù mẹ́ta nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, nígbà tó sì fi máa padà dé, ó ti di ẹlòmíràn. Ó ní òun rí abúlé tí gbogbo ènìyàn ti ń dáko pọ̀, tí wọ́n sì ń pín in jẹ. Ó ní kì í ṣe òyìnbó ló máa kọ́ aláwọ̀ dúdú bí a ṣe ń jùmọ̀ ní nǹkan, pé àáró àti ọ̀wẹ̀ ti wà kí ọkọ̀ ojú irin tó dé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Kọ́múrèdì. Ó ń jẹ́ orúkọ náà títí tó fi kú, bí àwọn tó ń pè é tilẹ̀ ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.

Òfin méjì péré ló fi lélẹ̀. Èkíní ni pé yàrá kò ní ajogún. Bí baálé yàrá bá kú, wọn yóò fún opó rẹ̀ ní ogójì ọjọ́, lẹ́yìn náà yàrá yóò bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó nílò rẹ̀ jù. Èkejì ni pé ògiri jẹ́ ti gbogbo wọn, ṣùgbọ́n oníkálukú ni yóò fi owó ara rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn tirẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ, kó gbé ilẹ̀kùn rẹ̀ dání. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn inú ilé náà kò fi jọra wọn. Ti Oyèwọlé jẹ́ pákó ìrókò tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀, káfíńtà kan ní rélùwéè ló bá a kàn án.

Òfin tó dùn ún gbọ́ létí ẹni tí ikú kò tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ni. Ká sòótọ́, àwọn baba wa tó ń ṣe àáró, ẹni tó bá ọ roko lónìí mọ̀ pé oko òun lo ń bọ̀ lọ́la. A kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n lé opó jáde kí àáró lè gún. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún Kọ́múrèdì? Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, ó fi tún òrùlé gbogbo ilé ṣe. Nígbà tí Ọláolú wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga, bàbá rẹ̀ ti kó owó tó yẹ kó san fún un lọ san ti ọmọ ọlọ́mọ kan ní Mùṣin, ó ní tọmọ òun yóò wá. Kò wá. Ọdún kejì ni Ọláolú fi ilé-ìwé sílẹ̀, kò sì dárí jì í títí wọ́n fi gbé e sin.

Ọdún ń gorí ọdún, ohùn Oyèwọlé kò rinlẹ̀ mọ́ nínú ilé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ wọn ń jogún yàrá ní bòńkẹ́lẹ́, wọ́n ń fi wọ́n háyà fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀m̀pútà ní Yábàá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n, wọn á ní ṣe làwọn ń bá ẹnìkan tọ́jú ẹ̀. Akínyẹlé, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn méjìlá náà, nìkan ń bá ènìyàn "tọ́jú" yàrá mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó fagi lé òfin, kò sì sẹ́ni tó ń pa á mọ́. Àfi ìgbà tí Oyèwọlé fúnra rẹ̀ kú ni gbogbo wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rántí pé òfin wà.

Ọláolú kò jẹ àkàrà tó rà. Ó kọjá lọ sí yàrá iwájú, níbi tí Àmúdàtù, alága ilé, ti ń rán aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé. Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Inú ilé náà ni wọ́n bí i sí, ó kúrò níbẹ̀ lọ́mọdé, kó tó padà wọlé bí ìyàwó akọ̀wé rélùwéè kan tí yàrá kàn.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ọláolú, jókòó." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ ká fọ̀rọ̀ pa mọ́ fúnra wa. Ta ló ń pa òfin yẹn mọ́ nínú ilé yìí? Yàrá mélòó ni Ẹ̀gbọ́n Akin fi ń gbowó?"

"Mẹ́ta."

"Ẹ rí i. Ṣé ìyá mi nìkan ni òfin wá mọ̀ ni?"

Àmúdàtù dá ẹ̀rọ dúró. "Nínú bàbá gbogbo wọn, èwo ló ṣe òfin náà? Bàbá tìẹ ni. Ẹni tó dáná, òun ló yẹ kí èéfín kọ́kọ́ wọ̀ lójú."

"Bàbá mi ti kú, Àǹtí. Ìyá mi ni èéfín ń wọ̀ lójú."

"Ìyá tèmi náà ńkọ́?" Obìnrin náà yí àga rẹ̀ kó lè wojú Ọláolú dáadáa. "Mo lè máa tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí bàbá mi kú sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ni. Àwọn méjèèjì ló jọ po símẹ́ǹtì ògiri tó o fẹ̀yìn tì yẹn. Ìyá mi wà nínú oyún, ó bẹ bàbá rẹ pé kó jẹ́ kóun bímọ ná. Nígbà tí ogójì pé, bàbá rẹ fa ìkòkò ìyá mi síta, ó tú ilẹ̀kùn wa, ó gbé e rù, ó sì bá wa gbé e débi tá a kó lọ ní Mùṣin. Ó ń sunkún bó ṣe ń gbé e lọ o! Èmi ni mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo rí omi lójú ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn títí dòní. Ó mọ̀ pé kò dáa, ó sì ṣe é."

"Ilẹ̀kùn náà ńkọ́?" ló bọ́ sí Ọláolú lẹ́nu.

"Yàrá tá a gbà ní Mùṣin ti ní ilẹ̀kùn tiẹ̀. A tẹ́ ti wa sílẹ̀, orí ẹ̀ ni ìyá mi ń sùn. Orí ẹ̀ ló bí àbúrò mi sí. Ọmọ náà ò yè."

Ariwo àwọn ọlọ́kadà wọlé láti ìta, ó tún lọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pẹ̀lẹ́ ni mò ń wá. Láti ìgbà tí mo ti padà sínú ilé yìí ni mo ti ń retí kí bàbá rẹ sọ pé òun ṣe àṣìṣe. Ojoojúmọ́ la ń kí ara wa o. Kò sọ ọ́. Tóò, wá sí ìpàdé ní Sọ́ńdè. Ìwọ ọmọ ẹ̀, dìde níwájú gbogbo ilé, sọ pé ohun tí bàbá rẹ ṣe fún ìyá mi kò dáa, pé òfin yẹn gan-an kò dáa. Bó o bá ti lè sọ ọ́, èmi ni màá kọ́kọ́ nawọ́ pé kí ìyá rẹ máa gbénú yàrá ẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé."

Ọláolú fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ yìí.

"Má sọ ọ́," ni ìyá rẹ̀ wí nígbà tó ròyìn fún un.

"Màmá, ṣé irọ́ ni? Ṣé ohun tí wọ́n ṣe yẹn dáa ni?"

"Kò dáa. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún un. Nínú yàrá yìí ni, ibi tó o dúró sí yẹn ló dúró sí. Ó ní bóun bá yọ ọ̀rẹ́ òun sílẹ̀ nínú òfin, lọ́la oníkálukú á mú ọ̀rẹ́ tiẹ̀ wá, tó bá dọ̀túnla wọ́n á ta ilé. Mo ní kó lọ kú pẹ̀lú òfin ẹ̀." Màmá kó etí aṣọ dúdú náà jọ lórí orúnkún rẹ̀. "Ó sì kú pẹ̀lú ẹ̀."

"Kí ló wá dé tí mi ò fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́?"

"Torí pé yàrá lo fẹ́ fi gbà. Bó o bá fẹ́ bẹ Àmúdàtù, lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi bẹ ìyá ẹ̀ kó tó kú, kò sẹ́ni tó fún mi ní nǹkan kan lórí ẹ̀."

"Màmá, níbo lẹ máa gbé? Ẹ ti rí ilé mi. Yàrá kan àti pálọ̀ ni. Àwọn ọmọ ló ń sùn ní pálọ̀, Motọ́lání ò sì..."

"Mo mọ ohun tí ìyàwó rẹ ò sì. Mi ò ní kó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀."

"Ẹ ti wá ń sọ̀rọ̀ bíi Bàbá."

"Ọdún tí mo lò nílé ẹ̀ kò kéré," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì dojú kọ ògiri.

Ọláolú kò gbọ́ràn. Ta ni yóò gbọ́ irú ìyẹn? Ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ, ṣé ó máa ń bi igi tó dì mú bóyá ó mọ́ tàbí kò mọ́? Ó ti dá a rò lọ́kàn ara rẹ̀ pé tí òun bá gba yàrá náà tán, inú Màmá yóò rọ̀ bó bá yá.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, wọ́n to àga oníke sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ayálégbé ń kọjá láàárín wọn pẹ̀lú oúnjẹ nínú ọ̀rá, wọ́n ń sọ pé ẹ má bínú, wọ́n ń wọlé lọ. Ọkùnrin kan tí Ọláolú kò mọ̀ rí jókòó ti Akínyẹlé, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé báàgì aláwọ lé orí itan. Akínyẹlé ní àlejò òun ni. Màmá kò jáde sí ìpàdé.

Àmúdàtù ṣí ìpàdé, ó sì ní ọmọ Kọ́múrèdì ní ọ̀rọ̀ sọ.

Ọláolú dìde. Ó ti rò pé gbólóhùn kan péré ni, kóun sọ ọ́ kóun jókòó. Ṣùgbọ́n bó ṣe lanu, ọ̀rọ̀ tú jáde. Ó ní ohun tí bàbá òun ṣe fún ìyá Àmúdàtù burú, pé ìwà ìkà ni, àní bó bá tilẹ̀ ń sunkún nígbà tó ń ṣe é. Ó ní òfin tó lè lé aboyún síta kì í ṣe òfin àjùmọ̀ní, òfin agídí ni. Ó ní bàbá òun fẹ́ràn gbogbo ayé, ó sì gbàgbé àwọn tó wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ó sọ ti ilé-ìwé rẹ̀ tí wọ́n fi owó rẹ̀ tọ́jú ọmọ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò bi í. Ó dùn ún, ó sì tún dùn mọ́ ọn, ìtìjú sì mú un pé ó dùn mọ́ òun.

Àmúdàtù fi ìborùn bojú, ó ń sunkún láìpariwo. Ó na ọwọ́ sókè bó ṣe ṣèlérí. Gbogbo àwọn yòókù náà na ọwọ́. Wọ́n nà án kíákíá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì ya Ọláolú lẹ́nu díẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyá òun ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀.

Akínyẹlé ló dìde. "Ọlọ́run á bù kún ẹ, àbúrò mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo wa gbọ́ ọ. Ọmọ Kọ́múrèdì fúnra ẹ̀ ló sọ pé òfin yẹn ò dáa, a sì ti nawọ́ sí i. Láti òní lọ, yàrá ti ní ajogún. Ohun tí lọ́yà ń bi wá nìyẹn láti ọjọ́ yìí. Bí yàrá ò bá ní ajogún, ta ló máa buwọ́ lùwé pé òun tà á?" Ó fọwọ́ tọ́ àlejò rẹ̀. "Bọ̀dá yìí ti fẹ́ ra ilé yìí ó ti pẹ́. Kọ́múrèdì ni ò gbà."

Àlejò ṣí báàgì. Ìwé ti wà ní títẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹ tà á kẹ̀?" Àmúdàtù ṣí ojú rẹ̀. "Akin, èmi ò pèpàdé lórí pé ká ta ilé!"

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ nawọ́. Ṣé irọ́ ni mo pa?"

"Yàrá ìyá mi ńkọ́?" ni Ọláolú béèrè. "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kí wọ́n máa gbé ibẹ̀ ni."

"Wọ́n á máa gbé ibẹ̀ di ọjọ́ tí Bọ̀dá yìí bá wó o. Wọ́n á gba ìpín tiwọn bíi ti gbogbo wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Bọ̀dá yìí fẹ́ kọ́ síbí, o ò rí bí Yábàá ṣe rí ni? Ọmọ rere ni ẹ́, Ọláolú. Gbogbo wa ò lẹ́nu láti sọ ohun tó o sọ yẹn."

Ọláolú wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì wá yé e ìdí tí ọwọ́ fi yá wọn ní nínà. Àwọn ló ń ba òfin jẹ́ lábẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ẹni tó ṣe é ni wọ́n nílò láti pa á ní gbangba. Yàrá tó tìtorí rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ni yóò wó o.

Nígbà tó yíjú, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Ó ti so ẹrù kan, kò tóbi. Ó ká ẹní tó fi ń gbàdúrà há abíyá.

"Síkírù-dírẹ́bà bàbá rẹ wà lórí fèrèsé," ló wí. "Wá tú ilẹ̀kùn."

"Màmá, kò sí òfin mọ́. Wọ́n ti fagi lé e."

"Ìwọ lo fagi lé e. Èmi ò sí níbi ìpàdé. Ogójì ọkọ mi pé lónìí."

Kò pariwo, kò sì bú u. Ì bá sàn kó bú u. Ọláolú wọlé lọ mú síkírù-dírẹ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú híńjì ilẹ̀kùn náà, èyí tó ti dípẹtà. Ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn tú, gbogbo ìwúwo ìrókò náà wá sórí èjìká rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó ṣubú.

Àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti ń buwọ́ lùwé.

"Ọláolú, wá buwọ́ lu ti Màmá kẹ́ ẹ tó lọ," Akínyẹlé nahùn sí i. "Má bínú sówó o. O lọ́mọ nílé ìwé."

Ọláolú rántí àwọn ọmọ rẹ̀ tó ń sùn ní pálọ̀. Ó rántí ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó kó ìwé rẹ̀ kúrò nílé-ẹ̀kọ́. Ó sì wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, tó ti ń lọ sí ẹnubodè láìwẹ̀yìn.

"Ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀kùn ẹ̀, kò ní yàrá níbí mọ́," ló wí.

"Kò burú. Tiwa á kún sí i." Akínyẹlé rẹ́rìn-ín, àlejò rẹ̀ náà bá a rẹ́rìn-ín.

Ilẹ̀kùn náà ga jù fún ẹnìkan láti gbé. Ọláolú ń wọ́ ọ nílẹ̀ bọ̀ nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣàdédé fúyẹ́. Àmúdàtù ló gbé e lẹ́yìn.

"Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀. Ó wúwo."

"Gbé iwájú, jàre. Bàbá rẹ bá wa gbé tiwa."

Wọ́n gbé e jáde sí títì. Onímárúwá kan dúró, ó wo ilẹ̀kùn náà, ó mi orí, ó sì wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi mú ọ̀nà Yábàá pọ̀n, Màmá ń lọ níwájú wọn.

"Ẹ̀yin náà ti buwọ́ lùwé, Àǹtí?" ni Ọláolú béèrè láìbojúwẹ̀yìn.

"Rárá." Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n màá buwọ́ lù ú lọ́la. Kí ni mo fẹ́ máa purọ́ fún? Ìtọ̀ ṣúgà ti dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, ibẹ̀ sì ni oògùn ẹ̀ á ti jáde."

Nígbà tí wọ́n rìn síwájú díẹ̀, Ọláolú pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, ilé mi ti ní ilẹ̀kùn. Níbo la fẹ́ gbé eléyìí sí?"

"Ilẹ̀," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Orí ẹ̀ ni màá máa sùn."

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà dúró. Àmúdàtù ti dá ẹsẹ̀ dúró láàárín títì, àwọn ọkọ̀ ń fọn fèrè sí i, ojú rẹ̀ wà lára obìnrin arúgbó náà. Ó tún ilẹ̀kùn náà gbé dáadáa, wọ́n sì ń bá ọ̀nà wọn lọ.